Ayùn Ẹni Méjì

Ní yàrá ìtọ́jú, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ilé ìwòsàn ní Àkúrẹ́,
bàbá mi ń wo ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀
bí ẹni ń wo àlejò tó kọ̀ tí kò dìde nílẹ̀.
Ó ní, "Gbéra." Ọwọ́ ò gbéra.
Ó ní, "Èmi Akíntìmẹ́hìn ni mò ń bá ọ sọ̀rọ̀."
Ọwọ́ sùn sórí itan bí ẹja inú yìnyín.

Dàmọ́lékun tó ń tọ́jú ẹ̀ kò rẹ́rìn-ín.
Ó ká apá aṣọ tirẹ̀ sókè, ó ká ìgbọ̀nwọ́:
"Ẹ fọwọ́ kàn án, Bàbá.
Iṣan iwájú súnkì, ó di òkìtì kékeré,
tẹ̀yìn ń dẹ̀ fún un.
Bí mo bá na apá, tẹ̀yìn ló kàn tí yóò fà,
tiwájú á dẹ̀.
Kò sí iṣan kan tó lè ti eegun.
Wọn ò mọ títì. Fífà nìkan ni wọ́n mọ̀,
ìdí ẹ̀ rèé tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ ní méjìméjì."

"Ayùn ni," bàbá mi wí.
Ìlàjì ẹnu ló fi sọ ọ́, itọ́ bá ọ̀rọ̀ jáde,
mo fi etí ìró mi nù ún.
"Ayùn ẹni méjì."

Lẹ́yìn odò Ọ̀wẹ̀nà, kí ẹ́ńjìnnì ìlagi tó wọ igbó,
òun àti Orímisàn ará Oǹdó ń la ọ̀gànwó lórí kòtò:
Orímisàn lókè, bàbá mi nísàlẹ̀,
lẹ́búlẹ́bú igi ń rọ̀ sí i lójú, ń rọ̀ sí i nírun.
Ẹni tó bá ti ayùn, ayùn á ká, igi á dì í mú.
Fa tìrẹ, kí o dẹ̀, kí ẹnìkejì fà.
Ọdún méjì gbáko ló fi kọ́ fífà.
Jíjẹ́-kó-lọ, ó ní ọdún márùn-ún ni.

Lóru, nílé wa ní Òkè-Àró, oorun kò wá.
Mo ń ka àwọn alágbàṣe inú ara mi.
Dàmọ́lékun ní wọ́n lé ní ẹgbẹ̀ta. Ta ló ń san owó wọn?
Èyí tó ń gbé ìpéǹpéjú kí n tó rántí pé mo lójú.
Àwọn tinú ìfun, tí wọ́n ń fún ẹ̀bà alẹ́ lọ sísàlẹ̀
bí ẹni ń fún omi lára aṣọ,
wọn kì í gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.
Àwọn tó ń gbọ̀n nígbà ọyẹ́,
tí wọ́n ń fi ìjàkadì asán dáná fún ẹ̀jẹ̀.
Àti ọ̀kan ṣoṣo yẹn, lẹ́yìn egungun ìhà,
tí kò mọ Sọ́ńdè, tí kò mọ ọdún Iléyá,
tí ìsinmi rẹ̀ kò ju àárín kì àti kì lọ.

Iṣan bàbá mi ò kú.
Ọpọlọ ránṣẹ́, iṣẹ́ ò débẹ̀,
afárá já lójú ọ̀nà.
Wọ́n jókòó, wọ́n ń retí ẹni tí yóò pè wọ́n,
wọ́n sì ń rù,
torí iṣan tí a kò rán níṣẹ́, rírù ní í rù.
Dàmọ́lékun ní ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ lè là nínú igbó náà
bí a bá ń tọ̀ ọ́ lójoojúmọ́.

Mo mú aṣọ ìnura,
mo di etí kan mọ́ ọwọ́ tó sùn, mo di èkejì mú,
mo jókòó sí ipò Orímisàn.
Mo fà. Mo dẹ̀. Mo fà. Mo dẹ̀.
Láàárọ̀ ọjọ́ kọkànlélógún, òjò ń rọ̀, iná ti lọ,
nǹkan kan fa aṣọ lọ́wọ́ mi,
kékeré, bí ìgbà tí ẹja wẹ́wẹ́ bá tọ́ ìwọ̀ wò.
Mo kígbe, mo sáré sún mọ́ ọn.
Bàbá mi dijú.
"O ti ń ti ayùn," ló wí.
"Padà sáyè ẹ. Dẹ̀. Èmi ló kàn."